GAZI HUSREV-BEG: GÓMÌNÀ TÍ Ó DÁ IṢẸ́ SÍLẸ̀ FÚN ÌLÚ SARAJEVO

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jẹyọ níbikíbi tí àwa ọ̀dọ́ bá ti jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ẹnìkan kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó ṣe fìrídọ̀mù tán, kò rí ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn rí ṣọ́ọ̀bù, kò rí owó tí yóò fi ra ọjà sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní ọjà lọ́wọ́, ọ̀nà tí yóò gbé e gbà ni kò dára. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì máa ń parí sí ni pé kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n kí ni ó yẹ kí ìjọba tí ó sún mọ́ wa jù lọ, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ṣe gan-an? Ṣé kí alága máa há owó fún wa nígbà ọdún ni? Ìtàn ọkùnrin tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí dáhùn ìbéèrè náà, bí ó tilẹ̀ ti lé ní 480 ọdún tí ó ti kú. Orúkọ rẹ̀ ni Gazi Husrev-beg, gómìnà ilẹ̀ Bosnia, ẹni tí ó tún ìlú Sarajevo ṣe.

Orúkọ Sarajevo kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa. Ìlú náà ni àwọn ọmọ ogun Serb dó tì láti ọdún 1992 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ "beg" tí ó wà nídìí orúkọ ọkùnrin yìí kò ṣàjèjì sí wa. Oyè kan náà ni pẹ̀lú "Bey" tí ó wà nídìí orúkọ Mohammed Shitta-Bey ti Èkó, oníṣòwò ńlá tí ó kọ́ mọ́sálásí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọba àwọn ará Tọ́kì, Sultan Abdul Hamid kejì, ni ó fi oyè náà ránṣẹ́ sí i ní ọdún 1894 tí wọ́n ṣí mọ́sálásí náà. Ìjọba Uthmaniyyah tí ó fi Shitta joyè ní Èkó yìí náà ni Husrev ṣiṣẹ́ fún ní Bosnia ní nǹkan bí 370 ọdún ṣáájú.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI BÍ Ó ṢE DÉ ORÍ OYÈ

Ní nǹkan bí ọdún 1480 ni wọ́n bí Husrev sí ìlú Serres, tí ó wà ní ilẹ̀ Gíríìsì lónìí. Ferhad-beg bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Herzegovina tí ó wọ iṣẹ́ ìjọba Uthmaniyyah. Ìyá rẹ̀, Selçuk, jẹ́ ọmọ Sultan Bayezid kejì. Nípa bẹ́ẹ̀, inú ilé ọba ni Husrev ti jáde wá níhà ìyá, òun àti Sultan Suleiman tí ó jọba ní ọdún 1520 sì jẹ́ ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Ní ọdún 1521, Husrev bá Sultan Suleiman lọ sí ogun Belgrade. Nígbà tí wọ́n gba ìlú náà tán, ní oṣù September ọdún yẹn, Sultan fi í ṣe olórí ẹkùn Bosnia. Àwọn ará Tọ́kì ń pe irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ ní sanjak, olórí rẹ̀ ni sanjak-bey. Òun ni ó wà láàárín ìjọba ńlá ní Istanbul àti àwọn ará ìlú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ọmọ ogun jọ, kí ó ṣọ́ ààlà, kí ó sì rí i pé ìlú tòrò.

A kò ní fi òtítọ́ pa mọ́ nínú ìtàn yìí. Ogun ni olórí iṣẹ́ tí wọ́n rán Husrev. Ó wà ní ogun Mohács ní ilẹ̀ Họ́ngárì ní ọdún 1526, ó sì lọ́wọ́ nínú dídó ti ìlú Vienna ní ọdún 1529. Nítorí ogun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Gazi, ìyẹn jagunjagun ẹ̀sìn. Púpọ̀ nínú ọrọ̀ tí ó kó jọ ni ó ti ojú ogun wá àti láti inú owó ilẹ̀ tí ìjọba yàn fún un. Ọ̀pọ̀ olórí ogun ayé ìgbà náà ni ó rí irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ kó jọ, tí wọ́n ná an tán, tí a kò sì rántí orúkọ wọn mọ́. Ohun tí Husrev fi tirẹ̀ ṣe ni ó mú wa sọ ìtàn rẹ̀.

ÌLÚ TÍ Ó BÁ NÍLẸ̀

Sarajevo wà ní àfonífojì láàárín àwọn òkè, odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Miljacka sì la àárín rẹ̀ kọjá. Husrev kọ́ ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Gómìnà kan tí ó ṣáájú rẹ̀, Isa-beg Ishaković, ti kọ́ mọ́sálásí, afárá, ilé ìwẹ̀, ilé èrò àti àwọn ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó sì ti kọ ìwé wàkáfù lé wọn lórí ní ọdún 1462. Láti inú àwọn ilé wọ̀nyí ni ọjà kékeré ti bẹ̀rẹ̀.

Wàkáfù ni kí ènìyàn yọ dúkìá kan kúrò nínú ohun ìní ara rẹ̀, kí ó yà á sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun. A kì í tà á, a kì í jogún rẹ̀, a kì í sì fi tọrẹ. Èrè tí ó ń mú wá ni a ó máa ná sórí ohun tí ẹni tí ó yà á sọ́tọ̀ ti là sílẹ̀ nínú ìwé. Ó wà lára sàárà tí Ànábì wa kọ́ wa pé ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró bí olúwa rẹ̀ tilẹ̀ ti kú.

Ìlú tí Husrev bá nílẹ̀ kò tíì tóbi, ṣùgbọ́n ibi tí ó wà dára. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ni etí òkun Adriatic wà, níbi tí àwọn oníṣòwò ìlú Dubrovnik ti ń bá àwọn ará Ítálì ná ọjà. Ní ìhà ìlà oòrùn ni ọ̀nà tí ó lọ sí Istanbul wà. Ẹni tí ó bá ń gbé awọ, irun àgùntàn tàbí ìda lọ sí etí òkun, tàbí tí ó ń gbé aṣọ bọ̀ láti ibẹ̀, lè gba Sarajevo kọjá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí ni yóò mú un dúró. Bí oníṣòwò kò bá rí ibi tí yóò sùn, ibi tí yóò so ẹṣin rẹ̀ mọ́, omi tí yóò mu àti ibi tí olè kò ti ní gbé ẹrù rẹ̀ lọ, yóò kàn kọjá lọ ni. Owó rẹ̀ yóò sì bá a kọjá lọ.

OHUN TÍ Ó KỌ́

Ní nǹkan bí ọdún 1531 ni mọ́sálásí ńlá Gazi Husrev-beg parí, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní oṣù November ọdún náà ni wọ́n kọ ìwé wàkáfù rẹ̀ àkọ́kọ́. Mọ́sálásí náà kò dá dúró. Ilé-kéwú àwọn ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé kan wà fún àwọn súfí. Ilé ìdáná ńlá kan wà tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ wàkáfù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àlejò àti àwọn tálákà. Ilé kan sì tún wà fún arìnrìn-àjò, níbi tí àlejò ti lè sùn láìsan kọ́bọ̀.

Ó fa omi wá sínú ìlú láti orísun tí ó wà ní òkè. Omi yìí ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá ní mọ́sálásí, òun náà ni àwọn ará ìlú ń pọn. Ó kọ́ ilé ìwẹ̀ ńlá tí ó ní apá ti ọkùnrin àti apá ti obìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò wà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí, tí omi ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, ní ayé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Ọjà tí ìdọ̀tí bá gbà, àrùn ni yóò ti àwọn oníbàárà jáde níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a dé orí àwọn ilé òwò. A fi owó wàkáfù Husrev kọ́ ọjà gígùn olórùlé kan tí wọ́n ń pè ní bezistan. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 109. Ṣọ́ọ̀bù wà ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé tì pa lálẹ́. Ẹni tí ó ń ta aṣọ olówó iyebíye lè sùn fọnfọn, nítorí òjò kò ní pa á, iná kò sì ní tètè ràn mọ́ ọn bí ti ṣọ́ọ̀bù onípákó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé èrò olókùúta ńlá wà, Tašlihan, níbi tí àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ń kó ẹrù sí tí wọ́n sì ń sùn. Bezistan wà lónìí, wọ́n sì ń tajà nínú rẹ̀. Iná ba Tašlihan jẹ́ ní ọdún 1879, ìpìlẹ̀ ògiri rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù.

Yí àwọn ilé wọ̀nyí ká ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti tẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, oníkálùkù ní òpópónà tirẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ wọn ṣì wà lára òpópónà Sarajevo di òní. Kazandžiluk ni ti àwọn tí ń rọ ìkòkò bàbà, Kujundžiluk ni ti alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà, Sarači ni ti àwọn oníṣẹ́ awọ tí ń ṣe gàárì ẹṣin, Kovači sì ni ti alágbẹ̀dẹ irin. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ àti olórí. Ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan. Bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò tí ó dára, wọn yóò pe àwọn ènìyàn jọ, wọn yóò sì sọ ọ́ di ọ̀gá lójú gbogbo ayé. Ẹ rí i pé fìrídọ̀mù tiwa kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i.

OWÓ ÒWÒ ÀTI ILÉ-KÉWÚ

Ní ọdún 1537, Husrev ṣe ohun tí a lè sọ pé ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya 700,000 dírámù fàdákà sọ́tọ̀ fún ilé-kéwú gíga. Ó ní kí wọ́n fi 400,000 nínú rẹ̀ kọ́ ilé náà. Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìkọ́lé, kí wọ́n fi ra ìwé tí ó dára tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kà. Láti inú gbólóhùn kan yìí ni ilé ìkàwé Gazi Husrev-beg ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ìwé àfọwọ́kọ tí ó wà níbẹ̀ lé ní 10,000.

Ilé-kéwú náà ní yàrá 12 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ kan. Òjé ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn ará ìlú fi ń pè é ní Kuršumlija, ilé olójé. Wọ́n tún ń pè é ní Seldžukija, ní ìrántí ìyá rẹ̀. Nínú ìwé wàkáfù, ó ka àwọn ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ wọn: ìtumọ̀ Àlùkùránì, hádíìsì, òfin ẹ̀sìn àti àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé kí wọ́n tún máa kọ́ wọn ní ohun mìíràn tí ìgbà àti ibi bá ń béèrè. Ọkùnrin tí ó kọ èyí mọ̀ pé ayé yóò yí padà lẹ́yìn òun, kò sì fẹ́ kí ìwé òun di okùn mọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn.

Níbo ni owó oṣù olùkọ́ àti owó ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa wá? Nínú 300,000 dírámù tí ó kù ni. Wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀ sí olóòótọ́ ní owó náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú ohun ìdógò wá tàbí onídùúró, èrè tí ó bá ti ibẹ̀ wá ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé-kéwú. Báyìí ni owó kan náà ṣe ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń fún oníṣòwò ní ojú owó, ó sì ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìwé.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ èlé ni, èèwọ̀ ńlá sì ni èlé nínú ẹ̀sìn wa. Àwọn onímọ̀ ayé ìgbà náà jiyàn gidigidi lórí irú wàkáfù olówó yìí. Ebussuud Efendi, àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ní Istanbul, fọwọ́ sí i nítorí àǹfààní tí ó ń ṣe fún àwọn ènìyàn. Birgivi Mehmed Efendi takò ó, ó ní ojú ọ̀nà èlé ni. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ tí ó bẹ̀rù èlé ni ó yẹ kí àwa rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí Husrev fẹ́ yanjú kò kúrò nílẹ̀: oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ojú owó kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà tí kò ní èlé nínú wà fún wa lónìí. A lè yá ènìyàn lówó láìgba ohunkóhun lé e, a lè dá òwò pọ̀ kí a sì pín èrè àti àdánù, a lè ra irinṣẹ́ fún oníṣẹ́ kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní iye tí a jọ fẹnu kò sí.

WỌ́N MÚ UN KÚRÒ, IṢẸ́ KÒ DÚRÓ

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Husrev kò wà lórí oyè láìsí ìdádúró. Ní ọdún 1525 wọ́n mú un kúrò ní Bosnia, wọ́n sì dá a padà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1534 wọ́n tún mú un kúrò, ó sì padà wá ní ọdún 1536. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó jẹ gómìnà ibi kan náà. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí olórí kan bá lọ, ẹni tí ó tẹ̀lé e yóò pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, igbó yóò sì hù bo ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti fi lélẹ̀. Ti Husrev kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé wàkáfù rẹ̀ kò sí lábẹ́ gómìnà. Alámòójútó kan ni ó ń bójú tó o, ìwé náà sì ní òfin nínú. Dúkìá kọ̀ọ̀kan ni a ti sọ ohun tí a ó fi owó rẹ̀ ṣe. Iye tí owó iṣẹ́ oníkálùkù yóò jẹ́ wà nínú ìwé, láti orí ìmáàmù títí dé orí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe alámòójútó náà ni Murat-beg Tardić. Ọmọ ìhà etí òkun Dalmatia ni, ojú ogun ni wọ́n ti mú un lẹ́rú, Husrev sì dá a sílẹ̀ lómìnira. Nígbà tí ó rí i pé olóòótọ́ ni, ó gbé iṣẹ́ tí ó ṣọ̀wọ́n jù lé e lọ́wọ́. Kò wo ti ìdílé tàbí ti ibi tí wọ́n ti bí i. Ibojì àwọn méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ọgbà mọ́sálásí náà títí di òní.

Ní ọjọ́ 18 oṣù June, ọdún 1541, Husrev kú lójú ogun ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Montenegro lónìí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Sarajevo, wọ́n sì sin ín síbi tí ó ti kọ́ mọ́sálásí.

LẸ́YÌN IKÚ RẸ̀

Ìlú kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn rí i pé owó ń wọlé ní Sarajevo, àwọn náà wá fi tiwọn kún un. Ní ọdún 1551, Rustem Pasha, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn mínísítà Sultan, kọ́ bezistan mìíràn síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta sílíìkì tí ó ń wá láti ìlú Bursa. Àwọn oníṣòwò Dubrovnik tí wọ́n jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ní àdúgbò tiwọn. Àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní ilẹ̀ Sípéènì náà wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní sẹ́ńtúrì yẹn, wọ́n sì bá wọn ṣòwò. Ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jìnnà sí ara wọn ní àárín ìlú náà lónìí.

Àdánwò pọ̀ o. Ní ọdún 1697, ọmọ ogun Austria lábẹ́ Eugene ti Savoy wọ ìlú náà, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn ará ìlú tún un kọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé kejì, ìjọba Kọ́múníìsì gba ọ̀pọ̀ dúkìá wàkáfù, síbẹ̀ ilé-kéwú náà kò ti ilẹ̀kùn. Nínú ogun ọdún 1992 sí 1995, ìbọn ńlá ba mọ́sálásí jẹ́. Ní oṣù August ọdún 1992, ìbọn àwọn tí ó dó ti ìlú dáná sun ilé ìkàwé ìjọba tí ó wà ní Sarajevo, ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé sì jóná. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Gazi Husrev-beg ti ń kó ìwé tiwọn sínú páálí tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn lábẹ́ ìbọn. Ọmọ Áfíríkà kan wà lára wọn, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò tí ó ń ṣọ́ ilé ìkàwé náà lóru. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ náà ni wọ́n rí gbà là. Ní ọdún 2014 ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ilé-kéwú àtijọ́, ilé-kéwú náà sì ń kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀ FÚN WA

Èkíní, Husrev kọ́ ohun tí oníṣòwò kan kò lè dá kọ́. Télọ̀ lè ra ẹ̀rọ, kò lè fa omi wá sí ìlú. Ìyá alátà lè ra ata, kò lè la ọ̀nà. Ohun tí gbogbo ènìyàn nílò, tí ẹnìkan kò sì lè dá ṣe, ni iṣẹ́ ìjọba àdúgbò. Nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, lára ohun tí wọ́n kà sí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà, gáréèjì, ilé ìpa-ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, títì àdúgbò àti gọ́tà. Ẹ wò ó bí ó ṣe jọ ohun tí Husrev ṣe. Nígbà tí alága bá pe ìpàdé, ohun tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ béèrè nìyẹn kí ó tó béèrè owó ọdún.

Èkejì, gbogbo ohun tí ó kọ́ ni ó ti pèsè owó àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé ìwẹ̀ ni wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe, tí wọ́n sì fi ń sanwó òṣìṣẹ́. Mélòó ni ẹ̀rọ omi tí wọ́n gẹ rìbọ́nù rẹ̀ tí omi rẹ̀ sì gbẹ láàárín ọdún méjì nítorí pé kò sí ẹni tí ó ronú nípa ẹni tí yóò ra ohun èlò tí ó bá bàjẹ́?

Ẹ̀kẹta, ó kọ òfin sílẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ lé olóòótọ́ lọ́wọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Olórí tí ó bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán lórí oyè, ojú ni yóò tì í lọ́jọ́ tí oyè bá bọ́.

Ẹ̀kẹrin, ó da òwò àti ìmọ̀ pọ̀. Nínú èrò rẹ̀, ìlú tí ń rọ bàbà gbọ́dọ̀ máa ka ìwé pẹ̀lú. Ilé-kéwú wa tí kò kọ́ ọmọ ní ohun tí ìgbà yìí ń béèrè kò tíì ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí kò kọ́ ọmọ ní òtítọ́ àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọmọ ọba nìkan ni ó lè ṣe irú èyí. Ọ̀dọ́ ogún nínú ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kan lè máa dá owó jọ lóṣooṣù, kí wọ́n kọ òfin sílẹ̀, kí wọ́n yan obìnrin tàbí ọkùnrin olóòótọ́ tí yóò máa pa á mọ́, kí wọ́n sì máa fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí ó ṣe fìrídọ̀mù tán. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá san tán láìsí èlé, ó kan ẹni kejì. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, a ó ní ohun tí a ó fi han alága ìjọba ìbílẹ̀ wa pé ó ṣeé ṣe.

Kí Ọlọ́hun forí jin Gazi Husrev-beg níbi àṣìṣe rẹ̀, kí Ó sì gba iṣẹ́ rere rẹ̀. Kí Ó fi àwọn olórí tí ń ronú ẹ̀yìn ọ̀la jíǹkí wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà fi ohun tí yóò pẹ́ sílẹ̀ kí a tó lọ. Àmín.